Ife Òjé àti Ìkòkò Kẹta

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rìn, ó rìn, ó rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó lórí ìkòkò kan tí kò gbé omi rí. Ó dìde níbẹ̀, ó jókòó lórí ìtẹ́ àgbébọ̀ adìẹ kan. Ó dìde níbẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, kò sì dìde mọ́.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn. Ohùn mi kò lọ jìnnà lónìí. Bí mo bá dá orin, ẹ bá mi gbè é. Ègbè rẹ̀ kò le: "Rọra, ọ̀nà jìn." Ẹ wí i kí n gbọ́.

Rọra, ọ̀nà jìn.

Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà láàárín òkè àti odò. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń yọ́ òjé. Ògúngbèmí ni orúkọ rẹ̀. Ó ń fi òjé rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Ó ń fi òjé rọ ohun wíwúwo tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì. Iṣẹ́ ìdílé ni. Baba rẹ̀ yọ́ òjé. Baba baba rẹ̀ yọ́ òjé. Ẹni tó bí baba baba rẹ̀ náà yọ́ òjé.

Ohun kan wà nílé wọn tí kò sí nílé ẹlòmíràn. Ife òjé ni. Bí ẹmu bá kan, tí àwọn ẹlòmíràn ń dà á nù, ará ilé Ògúngbèmí á bù ú sínú ife náà, á gbé e sí ẹ̀bá iná di òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹmu kíkan á ti dùn. Kò sí oyin nínú rẹ̀. Kò sí ìrèké nínú rẹ̀. Òjé ló sọ ọ́ di dídùn. Ẹmu ọkùnrin ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní, "Òjé wúwo. Ọkùnrin tó bá ń mu ún, àtọ̀ rẹ̀ á wúwo." Obìnrin kì í fẹnu kàn án. Obìnrin kì í fọ ife rẹ̀.

Ní àràárọ̀ ni Ògúngbèmí ń mu ún. Bí ó bá ku gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, á dà á sínú igbá kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ fún àkùkọ rẹ̀. Á ní, "Gba tìrẹ. Ọkùnrin bíi tèmi ni ọ́." Àkùkọ á mu ún, á gbọn apá, á kọ.

Àṣà kan tún wà ní ìlú náà. Bí oyún bá bàjẹ́ lára obìnrin, tàbí bí ọmọ bá wáyé láìlágbára tó sì padà lọ, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Wọ́n á ra ìkòkò tuntun fún obìnrin náà. Á rù ú lófìfo, lọ́sàn-án gangan, á gba àárín ìlú kọjá lọ sódò. Àwọn obìnrin ilé á tẹ̀lé e. Á fọ́ ọ mọ́ àpáta etí odò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ikùn rẹ̀ ni ìkòkò, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọ́ ọ. Ẹni tó bá ru ẹ̀kẹta, wọ́n á di ẹrù rẹ̀, wọ́n á dá a padà sílé baba rẹ̀. Àpáàdì pọ̀ létí odò náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kankan kì í fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Ìbídùn ni Ògúngbèmí kọ́kọ́ fẹ́. Ìbídùn ru ọ̀kan. Ó ru èjì. Ó ru ẹ̀ta. Wọ́n di ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ru ìkòkò àkọ́kọ́: oyún ló bàjẹ́. Ó ru ìkejì: ọmọ ló bí. Ọmọ náà kéré. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ó ń sunkún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ tó fi lọ.

Ní ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti odò dé lẹ́ẹ̀kejì, ó bá ìkòkò mìíràn ní igun yàrá rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́.

"Ìyá, kí lèyí?"

"Ìkòkò ni, ìyàwó. Amọ̀kòkò ń kó ọjà rẹ̀ lọ sílùú mìíràn, kò sì ní tètè padà. Ẹni tó rí i pé òjò ṣú, a gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀."

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tó roko. Àárẹ̀ ẹni tó ru ẹrù tí kò mọ ẹni tó dì í ni, tí wọn kò sì jẹ́ kó sọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: ọmọ tí yóò ké, tí gbogbo ilé yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá tún bàjẹ́, ìkòkò kẹta nìyẹn, ilé ọkọ ti tán. Bí ó bá fẹ́ sùn, ó ń wo ìkòkò. Bí ó bá jí, ìkòkò ń wò ó.

Àwẹ̀ró ní àgbébọ̀ adìẹ kan tí ìyá rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni adìẹ náà ń gbé. Ó yé ẹyin, ó sàba, ẹyin kò pa. Ó tún yé, ó tún sàba, ẹyin kò pa. Ó yé lẹ́ẹ̀kẹta, ó sàba títí ìyẹ́ àyà rẹ̀ fi re tán, ẹyin kò pa.

Ìyá ọkọ rí i. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ṣé o rí i báyìí? Aṣọ kan náà ni ìwọ àti adìẹ rẹ jọ dá. Bó o bá jí lọ́la, fi í se ọbẹ̀. Ó kéré tán, ọbẹ̀ á dùn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná láti mú adìẹ náà. Ó na ọwọ́. Adìẹ kò sá. Adìẹ ní, "Àwẹ̀ró, kí ni mo ṣe?"

"Ẹyin rẹ kò pa."

"Ẹyin kan, ẹni mélòó ló ni ín?"

Àwẹ̀ró ronú. "Ẹni méjì."

"Ẹni mélòó lẹ bi léèrè?"

Adìẹ wá dá orin. Ẹ gbè é o.

Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró o,
Rọra, ọ̀nà jìn.
Mo yé ẹyin, ẹyin pé,
Rọra, ọ̀nà jìn.
Mo sàba, àyà mi re,
Rọra, ọ̀nà jìn.
Ẹ bi mí, ẹ bi mí tán,
Rọra, ọ̀nà jìn.
Ta ni yóò bi àkùkọ?
Rọra, ọ̀nà jìn.

Àwẹ̀ró jókòó sínú eruku. Ọmọ àgbẹ̀ ni kó tó di aya ayọ́jé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Bí àgbàdo kò bá hù, ohun mẹ́ta ni baba mi máa ń yẹ̀ wò: ilẹ̀, òjò, irúgbìn. Kì í yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá yí gbogbo rẹ̀ padà, kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Ọ̀kan ni à ń yí. Ìyókù á dúró."

Ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, adìẹ yìí ti rù. Ẹ jẹ́ kí n fún ẹni tí yóò bá mi sìn ín kó sanra díẹ̀."

"Gbé e lọ. Ọbẹ̀ kì í sá."

Àwẹ̀ró gbé adìẹ, ó sọdá odò. Ọ̀dọ̀ Ìbídùn ló lọ. Ìbídùn ti fẹ́ àgbẹ̀ kan lódì kejì. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ké yí i ká bí ẹyẹ ẹ̀ga. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Ìyáálé mi."

"Ìyáálé ta ni? Mo ti jáde nílé yẹn kó o tó wọ̀ ọ́. Dìde, ilẹ̀ tutù." Ìbídùn gbé ojú sókè. "Ìkòkò mélòó?"

"Méjì."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ó wà ní igun yàrá."

"Igun apá ọ̀tún, bí èèyàn bá ti ń wọlé?"

"Níbẹ̀ gan-an."

"Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé tèmi sí." Ìbídùn ju ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sínú igbá.

Àwẹ̀ró wo àwọn ọmọ náà. "Ìyáálé mi, àgbo wo lẹ mu tí ẹ fi bí àwọn wọ̀nyí?"

"Àgbo kankan. Ikùn tí mo gbé jáde níbẹ̀ náà ni mo gbé wá síbí."

Àwẹ̀ró fi adìẹ sílẹ̀. Adìẹ yé ẹyin láàárín àwọn adìẹ oko, ó sàba. Nígbà tí Àwẹ̀ró padà lọ wò ó, òròmọdìẹ ti kún abẹ́ apá rẹ̀, wọ́n ń han.

Ó kó wọn wálé. Àwọn obìnrin ilé yí i ká. Ìyá ọkọ na ètè. "Ilé ibẹ̀ ló bá a lára mu. Afẹ́fẹ́ oko ni."

Inú Àwẹ̀ró kò dùn sí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni. Ó ti yí ilé padà, ó sì ti yí àkùkọ padà pa pọ̀. Àṣìṣe òun ni. Ó dìde, ó tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ìsọ̀. Èéfín òjé bo ojú. Ògúngbèmí ń fi ọwọ́ tẹ inú, nítorí pé inú a máa lọ́ ọ. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ewé kókò tí kò rí omi.

"Baálé mi, àgbẹ̀ kan lódì kejì fẹ́ kí irú àkùkọ yín wọ agbo rẹ̀. Yóò yá wa ní tirẹ̀ dípò."

Ògúngbèmí gbàgbé inú tó ń run ún. "Ó mọ ohun tó dára! Àkùkọ tó ń mu ẹmu ọkùnrin! Gbé e fún un. Kó o sọ fún un pé kó ṣọ́ra, kó má baà dẹ́rù ba àwọn adìẹ rẹ̀."

Àkùkọ òjé lọ sóko. Àkùkọ oko wá sílé. Ó rí jálajàla, ìrù rẹ̀ kò gún. Àwẹ̀ró so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ilé kan náà ni. Ìtẹ́ kan náà ni. Adìẹ kan náà ni. Ẹyin pa.

Lóko, adìẹ Ìbídùn tó ti ń pa ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ yé ẹyin. Ó sàba. Ẹyin rùn. Ọ̀kan ṣoṣo ló pa nínú gbogbo rẹ̀. Òròmọdìẹ náà jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀. Ìbídùn gbé e sórí ewé, ó tẹjú mọ́ ọn, ó pẹ́.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, mo mọ ọrùn yìí."

Àwẹ̀ró ní, "Èmi náà mọ̀ ọ́n."

Lẹ́yìn náà Ìbídùn dìde, ó mú ọ̀bẹ. "Àkùkọ yìí kò ní rí ọ̀la."

"Ẹ má pa á, Ìyáálé mi. A ti mọ ẹni tó ba ẹyin jẹ́. A kò tíì mọ ohun tó ba òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ so ó mọ́lẹ̀. Kó máa jẹ ohun tí àwọn tókù ń jẹ. Ká dúró."

Wọ́n dúró. Ìdúró náà gùn. Ìyá ọkọ ń ka òṣùpá. Ó ní, "Ìyàwó, iṣu tuntun ń bọ̀. Bí ikùn bá dákẹ́ títí dìgbà náà, ìwọ àti ìkòkò rẹ ẹ jọ máa lọ. A kò ní máa wo ara wa níran."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Lóko, àkùkọ òjé kọ́kọ́ rù. Ó ń rìn kiri bí ẹni tó ń wá nǹkan. Nígbà tó ṣe, ó gbàgbé. Adìẹ Ìbídùn tún yé ẹyin fún un. Ìdajì pa. Ó tún yé. Gbogbo rẹ̀ pa, wọ́n sì ń sáré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Àkùkọ kan náà ni. Adìẹ kan náà ni. Àgbàlá kan náà ni.

Àwẹ̀ró ń bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni àkùkọ yìí fi sílẹ̀ nílé?" Ó bi í lójú ọ̀nà. Ó bi í nídìí iná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ lẹ́bàá ìsọ̀. Ògúngbèmí mu ẹmu rẹ̀ tán. Ó gbàgbé pé àkùkọ òun kò sí nílé. Ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú igbá kékeré, ó ní, "Gba tìrẹ." Kò sí ẹni tó gbà á. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jókòó sínú igbá, ó ń dán.

Ọwọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró.

Ní ọjọ́ kejì, ó sọdá odò, ó gbé àkùkọ òjé àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú agọ̀, ó gbé wọn wálé. Ògúngbèmí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀. Ìyá rẹ̀ ń bẹ nídìí odó.

"Baálé mi, àkùkọ yín dé."

"Akọni mi!" Ògúngbèmí da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú igbá. "Gba tìrẹ!"

Àkùkọ wo igbá. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó dá orin. Ẹ gbè é o.

Ògúngbèmí, Ògúngbèmí o,
Rọra, ọ̀nà jìn.
Mo mu ẹmu wa, ẹyin rùn,
Rọra, ọ̀nà jìn.
Mo fi sílẹ̀, ẹyin pa,
Rọra, ọ̀nà jìn.
Wọ́n bi adìẹ, ó ti wí,
Rọra, ọ̀nà jìn.
Wọ́n bi èmi, mo ti wí,
Rọra, ọ̀nà jìn.
Ó ku ẹnì kan tí wọn kò bi,
Rọra, ọ̀nà jìn.

Ògúngbèmí dìde fùú. "Àwẹ̀ró! Ṣé adìẹ lo wá fi mí wé lójú ìyá mi?"

"Rárá, Baálé mi. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi wé adìẹ. Mo kàn tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà dé òpin rẹ̀ ni." Ó wí gbogbo rẹ̀: ohun tó yí padà, ohun tó fi sílẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. Kò ní okun tí yóò fi gbé e sókè.

Ìyá ọkọ ju ọmọrí odó sílẹ̀. "Irọ́! Baba rẹ̀ mu ẹmu yìí títí ó fi kú, mo sì bí i fún un!"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá la ẹnu. Ó jókòó sórí odó, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe rí.

"Mo ru èjì," ó ní. "Ẹ̀kẹta ti wà ní igun yàrá nígbà tí mo lóyún rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló gbé e síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, n kò lóyún mọ́." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Igun kan náà ni."

Àwọn òròmọdìẹ ń han nínú agọ̀.

Ògúngbèmí wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀. Ó wo ife. Ó wọ yàrá Àwẹ̀ró lọ, ó gbé ìkòkò kẹta jáde. Ó fi ife òjé sínú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ilé pariwo. "Ọkùnrin kì í ru ìkòkò!"

"Márùn-ún ni wọ́n ti bá mi rù," ni Ògúngbèmí wí. "Ẹ jẹ́ kí n ru ọ̀kan."

Ó gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára, ìkòkò ń tẹ̀. Àwẹ̀ró kò bá a gbé e. Ó wọlé, ó mú òṣùká tó fi ru méjì àkọ́kọ́, ó nà án sí i. Ògúngbèmí gbà á, ó fi sórí.

Lọ́sàn-án gangan, ó gba àárín ìlú kọjá. Àwọn tó ń ta ọjà fi ọjà sílẹ̀, wọ́n ń wò ó. Àwọn obìnrin ilé tẹ̀lé e, nítorí pé àṣà ní kí wọ́n tẹ̀lé ẹni tó bá ru ìkòkò. Àṣà kò sọ pé kí ẹni náà jẹ́ obìnrin. Ìyá rẹ̀ ló dá orin. Àwọn tókù gbè é. Ẹ̀yin náà, ẹ gbè é fún un.

Rọra, ọ̀nà jìn.

Ìbídùn dúró lódì kejì odò, ó pọn ọmọ. Ògúngbèmí rí i. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí àpáàdì, kò bìkítà pé ó gún un. Ìbídùn fi orí dáhùn pé kó dìde. Ògúngbèmí dìde, ó fọ́ ìkòkò mọ́ àpáta. Ife yí jáde. Ó gbé e sókè láti jù ú sómi.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ má jù ú sódò. A ń mu odò."

Wọ́n gbé e lọ sórí òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dáko, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀jinlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ògúngbèmí kò mu ẹmu ọkùnrin mọ́. Ó wó ìsọ̀ inú ilé, ó kọ́ òmíràn sí gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá èéfín lọ kúrò nílé. Kò sì wọlé láìwẹ̀. Wọn kò kánjú. Omi tó bàjẹ́ nínú àmù, ó ní ìgbà tí yóò fi dà tán kí tuntun tó kún un. Wọ́n jẹ iṣu tuntun. Ìyá kò sọ̀rọ̀ ìkòkò. Wọ́n gbin òmíràn. Àwẹ̀ró lóyún.

Ní ọjọ́ tó bí i, Ìyá wà lójúde. Ó gbọ́ igbe. Ó sáré wọlé, gèlè bọ́ lórí rẹ̀.

"Ta ló ń ké báyìí?"

"Ọmọ yín ni, Ìyá."

Igbe náà rékọjá odò. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ògúngbèmí jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú. Àwẹ̀ró kò jó, kò sì sunkún. Márùn-ún tó lọ kò padà, ó sì mọ̀ pé wọn kò ní padà. Ó wo igun yàrá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi ojú ìdí ìkòkò tó ti tẹ ilẹ̀ sínú. Ó gbé ọmọ sí àyà, ó kọ ẹ̀yìn sí igun náà, ó sì sùn. Ọmọ ń ké, ó ń sùn. Kò sí ẹni tó jí i.

Ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ẹni méjì ló ni ọmọ. Bí ọmọ kò bá wá, tàbí tó wá láìlágbára, ẹni méjì ni kí á bi léèrè, kí á tó ra ìkòkò. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dùn lẹ́nu ọkùnrin ló dára fún ọmọ tó wà lára rẹ̀.

Ibi tó ti rẹ ààlọ́ mi nìyí, ibẹ̀ náà ló já sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí adìẹ ilé mi má pa ọmọ. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí àkùkọ àdúgbò kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn.

Rọra, ọ̀nà jìn.